Bí Mo Ṣe Ń Tún Ìjàpá Mi Ṣe Láì Gbé E Kúrò Lójú Títì

Ní oṣù Keje ọdún 2017, ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀ mọ́jú, mo ń wa ọkọ̀ mi láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí Iléṣà, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní físíìsì. Nígbà tí mo dé ìlú Òṣù, omi ti kún kòtò kan lójú títì, mo sì gba àárín rẹ̀ kọjá nítorí pé kò sí àyè láti yà fún un. Bí táyà iwájú ṣe wọ inú omi náà ni omi pupa tú sókè láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀, tí ó rin mí láti orúnkún dé àtẹ́lẹsẹ̀, tí ó sì ba ìwé ìdánwò àwọn ọmọ tí mo kó sílẹ̀ lẹ́yìn ìjókòó jẹ́. Mo wá ibi gbẹ dúró sí, mo ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, mo sì ń wo ọ̀dà títì láti inú ọkọ̀. Ihò tí ó wà níbẹ̀ gba ọwọ́ mi méjèèjì. Oṣù mẹ́rin péré ṣáájú ọjọ́ yẹn ni mo kó owó oṣù méjì lé ọwọ́ ẹni tí ó kun ọkọ̀ náà ní àwọ̀ búlúù tuntun, tí àwọn ará àdúgbò wa ní Parakin sì ń bá mi yọ̀ pé ọkọ̀ ti di tuntun.

Ọkọ̀ náà jẹ́ Volkswagen tí gbogbo wa ń pè ní Ìjàpá, nítorí pé ara rẹ̀ rí bìrìkìtì bí igbá ẹ̀yìn ahun. Ọdún 1977 ni wọ́n tò ó jọ ní Èkó, ní ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Volkswagen jọ ní orílẹ̀-èdè wa ní ọdún 1975. Mo rà á ní ọdún 2016 lọ́wọ́ olùkọ́ àgbà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ojú rẹ̀ kò sì gbé ọkọ̀ wíwà mọ́. Òun ni ọkọ̀ tí agbára mi ká, òun náà ni ó sì gbọ́dọ̀ gbé mi dé ibi iṣẹ́ kí aago méjọ tó lù lójoojúmọ́. Láti ilé mi dé ilé-ẹ̀kọ́ tó nǹkan bíi 30 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ 60, ọjọ́ márùn-ún nínú ọ̀sẹ̀ sì jẹ́ 300. Iye yìí ni ó yẹ kí n ti kọ sílẹ̀ kí n tó ná kọ́bọ̀ kan lé ọkọ̀ náà lórí, nítorí pé ọkọ̀ tí ẹnì kan ń gbé jáde ní ọjọ́ Àìkú nìkan àti èyí tí ó ń rin 300 kìlómítà lọ́sẹ̀ kì í ṣe ọkọ̀ kan náà, bí wọ́n tilẹ̀ jọ ti ilé-iṣẹ́ kan jáde lọ́jọ́ kan.

Àṣìṣe mi ni pé mo bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ojú ń rí. Ẹni tí ó tún ara ọkọ̀ náà ṣe kí wọ́n tó kùn ún rí ìpẹtà ní abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì. Ó fi fílà, ohun bí àmọ̀ tí àwọn tí ń tún ara ọkọ̀ ṣe fi ń dí ihò, dí i, ó fi sáńpépà ha á títí ó fi dán, wọ́n sì fi ọ̀dà bò ó. Fílà kò dá ìpẹtà dúró. Omi tí ó bá ti wà lẹ́yìn rẹ̀ kò rí ibi gbà jáde mọ́, irin náà a sì máa jẹra lọ nínú òkùnkùn. N kò lè dá a lẹ́bi ju bí ó ti yẹ lọ, nítorí pé àwọ̀ ni mo ní kí wọ́n bá mi ṣe, àwọ̀ náà ni wọ́n sì ṣe fún mi.

Lẹ́yìn ọjọ́ Òṣù yẹn ni ẹnìkejì mi níbi iṣẹ́ júwe mekáníìkì àgbàlagbà kan fún mi ní Lágere, tí ó ti ń tún Ìjàpá ṣe láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti wọ́pọ̀ ní ìgboro. Bàbá yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọn kò sọ nǹkan kan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ẹnu sùkúdìráfà kan abẹ́ ilẹ̀kùn ọwọ́ òsì, irin náà sì wọlé bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ gún ẹ̀kọ. Wọ́n ní, “Tíṣà, ẹ ti da agbádá bo egbò.”

Wọ́n wá ní kí n bá àwọn gbé ìjókòó ẹ̀yìn sókè. Abẹ́ rẹ̀, ní ọwọ́ ọ̀tún, ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà, èmi tí mo sì ti ń wa ọkọ̀ náà fún ọdún kan kò tíì gbé ìjókòó yẹn rí. Ìyẹ̀fun funfun ti hù sí orí bátìrì náà bí èyí tí ó máa ń hù sára ògiri àtijọ́. Omi kíkan inú rẹ̀ ti ń jò sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ó ti jẹ irin tí ó jókòó lé tán, pátákó kan tí ẹnì kan gé láti ara àpótí ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni ó sì gbé bátìrì náà dúró sórí òfo. Bàbá dojú ìjókòó náà délẹ̀, wọ́n sì fi ìka hàn mí ibì kan tí ó ti jó dúdú: nígbà tí ẹni tí ó sanra bá jókòó síbẹ̀, àwọn irin olókùn inú ìjókòó a tẹ̀ wálẹ̀, wọn a kan orí bátìrì, iná a sì ta. Èmi ni mo máa ń gbé àwọn ọmọ mi méjì sórí ìjókòó yẹn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi tú gbogbo ọkọ̀ náà palẹ̀, kí a ṣe é lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí ó parí. Ìdáhùn tí wọ́n fún mi ni gbogbo ètò tí mo ti ń tẹ̀ lé láti ìgbà náà dúró lé lórí. Wọ́n ní ẹni tí ó ń pààrọ̀ páànù ilé tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé kì í ṣí gbogbo òrùlé lẹ́ẹ̀kan náà; yàrá kan ni yóò ṣí, tí yóò bò ó kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ó tó bọ́ sí òmíràn. Wọ́n ní àwọn ti rí ọkọ̀ púpọ̀ tí àwọn olówó wọn tú palẹ̀ pẹ̀lú ìtara, tí owó tán, tí koríko hù gba inú wọn kọjá, tí àwọn ọmọ kéékèèké sì kó ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà lọ tà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù. Wọ́n ní kí n lọ ra ìwé kékeré kan, kí n máa wa ọkọ̀ náà jẹ́jẹ́ fún oṣù kan, kí n má tún nǹkan kan ṣe àfi bátìrì àti ihò abẹ́ ẹsẹ̀ tí a fi páànù dí fún ìgbà díẹ̀, kí n sì kọ gbogbo ohun tí mo bá rí sílẹ̀.

Oṣù yẹn kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ ju bí mo ti rò lọ. Ní alaalẹ́ ni mo ń tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀, ní àárọ̀ ni mo sì ń wo ibi tí òróró kán sí àti bí ó ti pọ̀ tó. Mo kọ epo tí ó ń mu sílẹ̀. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé lẹ́yìn tí mo bá dé Iléṣà, rími táyà iwájú ọwọ́ ọ̀tún a máa gbóná ju ti òsì lọ. Mo kọ ọ́ pé òórùn epo bẹntiróòlù máa ń wọ inú ọkọ̀ tí mo bá dúró sí ojú ọ̀nà fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí oṣù pé, Bàbá ka ìwé náà, wọ́n sì bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta nípa ohun kọ̀ọ̀kan tí mo kọ: ṣé yóò jẹ́ kí ọkọ̀ dúró nígbà tí mo bá ní kí ó dúró? Ṣé yóò gbiná? Ṣé yóò já? Ohun tí kò bá sí lábẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ̀yìn ìwé ni wọ́n ní kí n kọ ọ́ sí. Àwọ̀ ni ó wà ní ìlà tí ó kẹ́yìn pátápátá.

Bíréèkì ni a fi bẹ̀rẹ̀. Táyà tí ó ń gbóná tí mo kọ sílẹ̀ ni ó tọ́ wa lọ sí ibi tí àìsàn wà. Rọ́bà tí ó ń gbé omi bíréèkì lọ sí ẹsẹ̀ táyà lè dára lójú lóde, síbẹ̀ kí inú rẹ̀ ti wú nítorí ọjọ́ orí. Tí a bá tẹ bíréèkì, agbára ẹsẹ̀ wa á ti omi náà kọjá, ṣùgbọ́n tí a bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, omi kì í lè padà kíákíá, bíréèkì a sì máa di táyà mú láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́. A pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà, a pààrọ̀ àwọn sílíńdà kéékèèké inú ẹsẹ̀ táyà, a sì da omi bíréèkì àtijọ́ nù pátápátá, nítorí pé omi bíréèkì máa ń fa ọ̀rinrin láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin náà a sì máa jẹ irin láti inú. Láti ìgbà náà ni mo ti ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. Táyà iwájú méjèèjì ní Sátidé kan, ti ẹ̀yìn ní Sátidé kejì, ọmọ mi ọkùnrin ń tẹ bíréèkì, èmi wà lábẹ́ ọkọ̀ tí mo ń wo afẹ́fẹ́ bí ó ti ń hó jáde nínú rọ́bà funfun. A kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ bíréèkì kankan ní ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ẹni tí ó ní láti jáde ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé yóò fẹ́ gba ohun tí kò dára tó lóòótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ iná. Iwájú ni táńkì epo Ìjàpá wà, ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, epo sì ní láti gba inú páìpù la àárín ọkọ̀ kọjá kí ó tó dé ibi tí a ti ń lò ó. Ní ẹ̀yìn níbẹ̀, rọ́bà kúkúrú ni ó so páìpù mọ́ pọ́ǹpù, tí ó sì so pọ́ǹpù mọ́ kábúrétọ̀, ẹ̀rọ tí ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́. Bàbá tẹ rọ́bà tèmi láàárín ìka méjì, ó sì là gbuurugbu bí ìgbà tí ilẹ̀ gbẹ lójú ọ̀gbẹlẹ̀. Ohun tí ó tún bà mí lẹ́rù jù ni ọ̀pá idẹ kékeré tí rọ́bà náà ń wọ̀ lára kábúrétọ̀. Wọ́n kàn gbá ọ̀pá yẹn wọlé ni, kò ní ojú tí a ń yí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ó lè tú jáde fúnra rẹ̀, tí epo yóò sì máa dà sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, nítòsí ibi tí iná púlọ́ọ̀gì ti ń pín. Bàbá fi ọwọ́ lásán yí tèmi, ó sì yí. A yọ ọ́, a mú kí ó le padà, a sì fi wáyà dè é mọ́ ara kábúrétọ̀. Gbogbo iṣẹ́ náà kò ju wákàtí kan àbọ̀ lọ, owó rẹ̀ kò sì tó ìdá kan nínú ogún owó tí mo ná lórí àwọ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wa Ìjàpá, tí ó sì ń kà mí, kí ó dákun lọ fi ọwọ́ kan ọ̀pá yẹn kí ó tó sùn lálẹ́ òní, kí ó sì ra ẹ̀rọ panápaná kékeré sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè tètè dé.

Rewáyà lo ọjọ́ kan péré. Ó bá fíúsì mẹ́rin tí ẹnì kan ti fi bébà fàdákà inú páálí sìgá wé, tí ó túmọ̀ sí pé wáyà ni yóò jó kí fíúsì náà tó lè já.

Ibi tí mo ti tún ṣubú ni ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀. Ní ọjọ́ Ẹtì kan, nítorí pé mo ti rí i pé iṣẹ́ ń lọ déédéé, mo ní kí a tú u láti wo ohun tí ó ń ró. A tú u. Ohun tí ó yẹ kí a pààrọ̀ kò sí ní Ifẹ̀, kò sí ní Iléṣà, èyí tí a sì rí rà kò bá a mu. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ọkọ̀ náà fi wà lórí òkúta, tí mo ń wọ ọkọ̀ èrò ní àárọ̀ kùtùkùtù, tí mo sì ń pẹ́ dé kíláàsì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fi í ṣe òfin fún ara mi pé sípánà kì í kan ohun kan lára ọkọ̀ mi títí tí ohun tí yóò rọ́pò rẹ̀ yóò fi wà nínú yàrá mi, tí mo ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtijọ́ tàbí tí mo ti fi rúlà wọ̀n ọ́n. Òfin yìí ṣe pàtàkì fún Ìjàpá ju fún ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn lọ, nítorí pé èyí tí wọ́n ṣe kẹ́yìn ní gbogbo ayé jáde ní orílẹ̀-èdè Mẹ́síkò ní oṣù Keje ọdún 2003. Ohun tí à ń rà báyìí jẹ́ yálà èyí tí ó ti pẹ́ nínú ìsọ̀, tàbí èyí tí wọ́n yọ lára ọkọ̀ mìíràn, tàbí èyí tí àwọn ẹlòmíràn ń fara wé ṣe. Ọjà Àràrọ̀mí ní Agodi Gate, ní Ìbàdàn, ni mo ti ń ra púpọ̀ nínú wọn. Láti ìgbà tí owó epo ti fò sókè ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, láti nǹkan bíi ₦190 sí ohun tí ó ju ₦480 lọ fún lítà kan, n kì í lọ sí Ìbàdàn nítorí ohun kan ṣoṣo mọ́. Mo máa ń dúró títí ìwé mi yóò fi ní ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà. N kì í sì ju àtijọ́ nù kí tuntun tó lo oṣù mẹ́ta, torí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fọ àtijọ́, tí mo dá a padà, nígbà tí tuntun kọ̀.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí gbígbóná ẹ́ńjìnnì, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń pa Ìjàpá láìmọ̀. Ọkọ̀ yìí kò ní rédíétọ̀, kò sì lo omi. Afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú lára. Fáànù kan wà ní ẹ̀yìn tí bẹ́ẹ̀tì ń yí, ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú páànù tí ó bo ẹ́ńjìnnì, páànù náà sì ń darí afẹ́fẹ́ yìí gba ara sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjá kí ó tó jáde sísàlẹ̀. Páànù yìí ju ìbòrí lásán lọ. Òun ni ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà. Páànù mìíràn àti rọ́bà tún wà yíká ẹ́ńjìnnì tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná tí ó ti jáde sísàlẹ̀ tún gòkè padà sọ́dọ̀ fáànù. Ẹnì kan tí ó tún ọkọ̀ mi ṣe kí n tó rà á ti yọ púpọ̀ nínú wọn, bóyá nítorí pé wọ́n máa ń dí ọwọ́ lọ́wọ́, ó sì ti dà wọ́n nù. Nítorí náà, ẹ́ńjìnnì náà ń fa ooru ara rẹ̀ sínú padà. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí mo bá ń gun òkè bí a ti ń súnmọ́ Iléṣà, agbára rẹ̀ a máa rọ̀, òórùn òróró a sì gba inú ọkọ̀ kan.

Ní ẹ̀yìn ilé kan ní Ìsọ̀kùn ni mo ti rí Ìjàpá kan tí ó ti kú, tí adìyẹ ń yé ẹyin sínú rẹ̀, gbogbo páànù ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì pé. Mo bá ìyá tí ó ni ilé náà sọ̀rọ̀, wọ́n sì ta gbogbo rẹ̀ fún mi ní owó tí kò tó owó táyà kan. A fọ̀ wọ́n, a kùn wọ́n, a dá ọ̀kọ̀ọ̀kan padà sí ipò rẹ̀ pẹ̀lú rọ́bà tuntun. Kí a tó ṣe é, tí mo bá dé ilé-ẹ̀kọ́ tí mo sì fa ọ̀pá tí a fi ń wo òróró yọ, n kò lè dì í mú tó ìgbà tí ènìyàn ń ka ení, èjì. Lẹ́yìn tí a ṣe é, mo lè dì í mú títí mo fi ka ẹ̀wá. Òróró tí ó wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí kò ju lítà méjì àbọ̀ lọ, kò sì ní fílítà bíi ti ọkọ̀ òde òní, asẹ́ lásán ni ó ní. Ìdí nìyí tí mo fi ń pààrọ̀ rẹ̀ ní 5000 kìlómítà, tí ó máa ń bọ́ sí oṣù mẹ́rin mẹ́rin pẹ̀lú ìrìn mi. Bẹ́ẹ̀tì fáànù kan àti sípánà 21 sì wà nínú ọkọ̀ mi nígbà gbogbo. Tí bẹ́ẹ̀tì yẹn bá já, iná pupa á tàn níwájú awakọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ pa ẹ́ńjìnnì lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe nígbà tí ó bá dé ilé.

Tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn títún àlàfo kékeré tí ó wà láàárín fáàfù ẹ́ńjìnnì àti irin tí ń tì í ṣe, ni iṣẹ́ tí mo ń fi ọwọ́ ara mi ṣe nísinsìnyí. Fáàfù ni ìlẹ̀kùn kékeré tí epo àti afẹ́fẹ́ ń gbà wọ sílíńdà, tí èéfín sì ń gbà jáde. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ tutù pátápátá, nítorí náà kùtùkùtù Sátidé ni mo máa ń ṣe é, kí ẹnikẹ́ni tó jí. Mo á dùbúlẹ̀ sórí ẹní lẹ́yìn táyà, mo á ṣí ìdérí, òróró díẹ̀ á kán sínú abọ́, mo á sì ki abẹ irin tínrín, tí ìnípọn rẹ̀ jẹ́ 0.15 mìlímítà, sí àárín irin méjì tí wọ́n ń lu ara wọn. Tí àlàfo náà bá pé, abẹ irin náà á máa fà díẹ̀ lọ́wọ́ mi bí ìgbà tí a ń fa bébà yọ lábẹ́ ìwé ńlá. Mo ń kọ ohun tí mo bá níbẹ̀ kí n tó tún un ṣe. Ìwé náà ni ó fi hàn mí pé ní ìgbà mẹ́ta tẹ̀léra, àlàfo fáàfù tí ń tú èéfín jáde ní sílíńdà kẹta, ti iwájú ní ọwọ́ òsì, ti sún pọ̀ ju ti àwọn yòókù lọ. Nínú ẹ́ńjìnnì bíi tèmi, ẹ̀rọ tí ń tu òróró lára dúró sí ojú ọ̀nà afẹ́fẹ́ tí ń lọ sọ́dọ̀ sílíńdà yẹn, òun ni ó sì máa ń gbóná jù. Àlàfo tí ó ń dínkù lemọ́lemọ́ lè jẹ́ àmì pé fáàfù náà ń gùn sí i, pé ọrùn rẹ̀ ń tínrín lọ. Tí ó bá já, orí rẹ̀ á bọ́ sórí písítìnnì, ẹ́ńjìnnì á sì fọ́ lójú títì. Nítorí pé mo ti rí i tẹ́lẹ̀, mo ní oṣù márùn-ún láti fi owó pamọ́, láti ra ohun tí ó yẹ, àti láti fi iṣẹ́ náà sí ìsinmi ọdún 2019. Bóòtù àti nọ́ọ̀tì mẹ́rin ni ó so ẹ́ńjìnnì Ìjàpá mọ́ ọkọ̀. Èmi àti Bàbá pẹ̀lú jáàkì kan sọ ọ́ kalẹ̀ láàárín wákàtí kan. Ọrùn fáàfù náà ti tínrín bí ti ìdí àgbàdo tí kòkòrò jẹ. Mo ṣì ń gbé e lọ sí kíláàsì nígbà tí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ nípa bí irin ṣe ń nà tí ó bá gbóná.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọkọ̀ ni a ti kọ́kọ́ ṣe, ní ìsinmi gígùn ọdún 2018, nítorí pé ó wà lábẹ́ ìbéèrè kẹta: ṣé yóò já? Irin oníhò gígùn tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn Ìjàpá, tí wọ́n ṣe kí ooru lè máa gba inú rẹ̀ wọ ọkọ̀ ní ìlú tí òtútù ti ń mú, ni ó di ara òkè ọkọ̀ mú kí ó má baà tẹ̀. Nílẹ̀ wa níbí a kò nílò ooru náà rárá, ṣùgbọ́n a nílò irin náà. Wẹ́dà fẹ́ gé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kí ó kọ́kọ́ jó irin méjì mọ́ ojú ilẹ̀kùn, ọ̀kan lókè, ọ̀kan ní ìdábùú, kí ojú ilẹ̀kùn má lè ṣí tàbí kí ó pa dé nígbà tí irin ìsàlẹ̀ bá kúrò. Wẹ́dà ní òun ti ṣe irú rẹ̀ rí láìsí èyí. Bàbá dá a lóhùn pé, “Ilẹ̀kùn wọn ńkọ́, ṣé ó ń pa dé?” Ọ̀dọ́mọkùnrin náà dákẹ́, ó sì lọ gbé irin wá.

Kí iná tó kan ọkọ̀ náà, a tú bátìrì, a yọ táńkì epo gbé e jìnnà, a kó ìjókòó àti kápẹ́ẹ̀tì jáde, ọmọ mi sì dúró pẹ̀lú garawa omi àti àpò tútù. Ọwọ́ òsì nìkan ni a gé. A gé e títí a fi kan irin tí ó ń dán, kì í ṣe títí dé ibi tí ìpẹtà dẹ́kun lójú. Páànù tí ó nípọn tó mìlímítà kan ni a sì jó rọ́pò rẹ̀. Ọ̀dà pupa tí ń dènà ìpẹtà ni a fi kun inú àti òde, ọ̀dà dúdú ni a fi bo abẹ́ rẹ̀, a sì ṣí ihò kéékèèké tí omi lè gbà jáde, èyí tí fílà ti dí láyé ìjọ́un. Nígbà tí a gé irin ojú ilẹ̀kùn kúrò, Bàbá ní kí èmi fúnra mi ti ilẹ̀kùn náà. Ó ró kò, ó sì wọlé sí ojú rẹ̀ láì gbé sókè, láì fà. Ọjọ́ mẹ́fà ni ọwọ́ òsì gbà. Mo wa ọkọ̀ náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí a tó fọwọ́ kan ọwọ́ ọ̀tún, nítorí pé bí owó tàbí àkókò bá tán láàárín, n óò ṣì ní ọkọ̀ tí mo lè gbé lọ síbi iṣẹ́.

Àwọ̀ búlúù ọdún 2017 náà ni ó ṣì wà lára rẹ̀, pẹ̀lú àpá ọ̀dà pupa ní abẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì àti fẹ́ńdà ọwọ́ ọ̀tún tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ mìíràn. Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé ìgbà wo ni n óò kùn ún. N óò kùn ún nígbà tí a bá ti yọ gbogbo rọ́bà fèrèsé tí ó ti gbó, nítorí pé ìpẹtà máa ń fara pamọ́ sábẹ́ wọn, ẹni tí ó bá sì kun ọkọ̀ kí ó tó yọ wọ́n yóò kùn ún lẹ́ẹ̀mejì. Rọ́bà ti iwájú ti wà nínú yàrá mi. Ti ẹ̀yìn ni mo ń wá. Lọ́sẹ̀ tí ó kọjá, lẹ́yìn òjò ńlá kan, mo bá omi díẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo ká a sókè, ilẹ̀ irin náà le, ó gbẹ, ọ̀dà rẹ̀ pé. Mo fi ìka tẹ̀ lé ipa omi náà gòkè títí ó fi mú mi dé igun fèrèsé iwájú, ní ọwọ́ òsì, mo sì kọ ọjọ́ náà àti igun náà sínú ìwé.